Káàdì Ìkíni Àfọwọ́ṣe Lórí Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó ní Òṣogbo, ìdánwò kò jẹ́ kí n lè lọ. Mo fi káàdì ránṣẹ́ láti Tukur-Tukur níbí. Mo fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá mi tẹ̀ ẹ́: ‘Kí Ọlọ́run bù kún ọkọ rẹ.’ Kò fi àmì kankan sí i. ‘Oko re’ ni ó tẹ̀. Bàbá ọkọ gba káàdì, ó kà á sókè lójú àlejò, ó sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi: ‘Ìyàwó wa, apá ibo ni oko yìí wà?’ Ẹ̀rín ni ẹ̀gbọ́n mi fi ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí bí a ṣe lè fúnra wa ṣe káàdì Yorùbá tí ó ní àmì, láìná owó lórí ètò kọ̀ǹpútà kankan. Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú káàdì tí mo ń rí rà ní Sabon Gari. Kò yani lẹ́nu: Lọ́ńdọ̀nù ni Henry Cole ti tẹ káàdì Kérésìmesì tà ní 1843, John Callcott Horsley ni ó ya àwòrán rẹ̀, ṣílè kan sì ni owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti ń fi àrokò kí ara wọn kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà ni. Mẹ́jọ ń wí pé ọ̀rọ̀ wa jọra, nítorí ẹ̀jọ ni. Ìró ọ̀rọ̀ ni ó gbé iṣẹ́ náà dání.

Ètò tí mo ń lò ni LibreOffice. Ní 2010 ni àwọn kan lára àwọn tí ó ń ṣe OpenOffice.org yà á sọ́tọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, òfin rẹ̀ sì gbà wá láyè láti ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó lé ní 300 MB, nítorí náà kí ẹnì kan gbà á sílẹ̀, kí ó fi fláàṣì pín in fún ará yàrá. Owó détà kì í ṣe kékeré. Draw ni apá tí a fẹ́ nínú rẹ̀. Fún títún fọ́tò ṣe, GIMP wà lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì bíi tiwa, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Berkeley ní Amẹ́ríkà ní 1995.

Ẹ kọ́kọ́ wá fọ́ǹtì tí ó mọ Yorùbá. Charis SIL àti Gentium dára, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ìdí rẹ̀ nìyí: kọ̀ǹpútà ní ‘ẹ’ ní odidi, ó ní ‘é’ ní odidi, ṣùgbọ́n kò ní ‘ẹ́’ ní odidi. Lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ kọ, kí ó tó gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ iṣẹ́ yìí yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, bíi fìlà tí atẹ́gùn fẹ́ gbé lọ. Láti tẹ ẹ, ẹ kọ U+1EB9, ẹ di Alt mú, kí ẹ sì tẹ X. U+1EB8 ni Ẹ ńlá, U+1ECD ni ọ, U+1E63 ni ṣ. Bí lẹ́tà bá ti wà nílẹ̀, U+0301 yóò fi àmì òkè lé e, U+0300 yóò fi àmì ìsàlẹ̀ lé e, ọ̀nà kan náà ni. Ó ń fi àkókò ṣòfò, mo gbà, ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ orí káàdì. Fọ́ǹtì wọ̀nyí ní ƙ àti ɗ pẹ̀lú, bí ẹ bá fẹ́ fi Hausa kí onílé yín ní ọjọ́ Iléyá.

Ẹ wá la ojú ìwé A4 tí ó dúró lóòró sí mẹ́rin: ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ nǹkan bíi 105 mm ní ìbú, 148 mm ní gíga. Apá ọ̀tún ní ìsàlẹ̀ ni iwájú káàdì, apá òsì ní ìsàlẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀. Apá òsì ní òkè ni ọ̀rọ̀ ìkíni yóò wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dorí kodò: ẹ mú àpótí ọ̀rọ̀ náà, ẹ tẹ F4, ẹ lọ sí Rotation, ẹ kọ 180. Ibí yìí ni mo ti ba bébà jẹ́ jù. Kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ mú bébà lásán, ẹ ká apá òkè rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ká apá òsì sẹ́yìn pẹ̀lú, ẹ fi bírò kọ ‘iwájú’ àti ‘inú’ sí i, kí ẹ wá tú u. Ẹ ó rí bí ‘inú’ ṣe dorí kodò. Ẹ fi àlàfo 10 mm sílẹ̀ ní etí, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í tẹ̀wé dé etí bébà. Bébà 80 gíráàmù tó; kíká tí a ká a ni yóò mú un nípọn.

Fún iwájú, owó ẹyọ mẹ́fà ni mo máa ń yà: òbìrìkìtì gígùn kan, ìlà kan ní àárín, eyín wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Ẹ ya ọ̀kan, kí ẹ ṣe àdàkọ márùn-ún.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ẹ má gbé fáìlì Draw lọ. Ẹ sọ ọ́ di PDF láti inú File. PDF a máa gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání, àmì kò sì ní sá.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bímọ, mo fi èyí tí mo fúnra mi ṣe ránṣẹ́ sí òun àti ọkọ rẹ̀. Bàbá ọkọ náà ni ó tún kà á sókè. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé oko ti di ọkọ.