Èèwọ̀ Ara: Oògùn Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ohun tí ó ń wo ẹnìkan sàn, tí ó sì ń dá ẹlòmíràn dùbúlẹ̀.

Àwọn òbí wa kò lè gbàgbé kulorokúìnì. Kí ìjọba àpapọ̀ tó fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2005, bí ẹni méjì bá lò ó sí ibà, ọ̀kan lè sùn fọnfọn, kí èkejì máa họra títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ara yíyún ṣì kéré. Èyí tí ó léwu jù wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan wà tí à ń pè ní G6PD. Òun ni ó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa. Ní 1956 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé àìtó rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ àwọn kan fọ́ bí wọ́n bá lo primaquine, oògùn ibà kan. Láàárín àwa Yorùbá, bí ọkùnrin 1 nínú 5 ni kò ní i tó. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìtó yìí, ìyá náà sì lè máà ní àmì kankan.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lé ní ogún ọdún kí nǹkan kan má ṣe é, àfi bí ó bá pàdé èèwọ̀ ara rẹ̀: primaquine, dapsone, tàbí hóró káńfọ̀ funfun tí a ń kó sínú àpótí aṣọ nítorí aáyán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹyinjú lè pọ́n bí ìyeyè, kí ìtọ̀ sì dúdú bí zobo. Ẹ̀wà fava tí wọ́n ń jẹ ní Ítálì àti Gíríìsì wà lára èèwọ̀ náà. Ẹ̀wà olóyin tiwa kò sí níbẹ̀.

Ọmọ tuntun ni ó ń jìyà rẹ̀ jù. Aṣọ tí káńfọ̀ ti wà nínú rẹ̀ lè fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí ó lè sọ ọmọ di adití, tàbí kí ó pa á. A ó wá máa sọ pé iṣẹ́ ọmọ aráyé ni!

Kí ni kí á ṣe? Bí a ti ń bèèrè jẹ́nótáìpù kí á tó fẹ́ra, kí á bèèrè àyẹ̀wò G6PD pẹ̀lú. Kí á kọ orúkọ oògùn tí kò bá wa lára mu sílẹ̀, kí á sì sọ ọ́ fún dókítà àti oníkẹ́mísìtì. Kí á má gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń gbé yàrá nítorí pé ó wo tirẹ̀ sàn. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí á gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Kí Elédùmarè má jẹ́ kí á fi owó wa ra àìsàn o.