Kí Ọkọ̀ Tó Mọ Ìrìn, Kí Ó Kọ́kọ́ Mọ Ìdúró

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Dọ̀pẹmú ni mo ti kọ́ ọ, kì í ṣe inú kíláàsì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á délẹ̀, ẹ ó rí i pé Físíìsì àti Kẹ́mísírì tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó ló kún inú rẹ̀.

Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 kan wà nílé wa. Bàbá bàbá mi ló ni ín; òun ló fi ń kó búrẹ́dì Agége kiri nígbà ayé rẹ̀. Láti ìgbà tí Bàbá Àgbà ti kú ni ọkọ̀ náà ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí adìyẹ ń yé ẹyin sí i lẹ́yìn. Bàbá mi kì í ṣe mẹkáníìkì o, ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá, Sátidé Sátidé ni èmi àti òun ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Ìfẹ́ ọkọ̀ náà ni, àti ìfẹ́ ẹni tó ni ín.

1. Irú ọkọ̀ wo ni?

Ọdún 1968 ni Peugeot 504 kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Faransé. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1979. Ní Nàìjíríà níbí, ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, wọ́n sì ń to 504 títí kọjá ọdún 2000. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì àtijọ́ fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà níwájú, àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú tiwa. Ohun tó bá bàjẹ́, ojú lè rí i, ọwọ́ sì lè tó o.

2. Àṣìṣe tí a ṣe

Ẹ́ńjìnì la kọ́kọ́ dojú kọ. A da epo tó ti bàjẹ́ nù, a fọ kábúrétọ̀, a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, a ra bátìrì. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ́ńjìnì dáhùn! Gbogbo ará ilé jáde, ariwo sọ. Inú bàbá mi dùn débi pé ó ki jíà bọ̀ ọ́, ó ní òun fẹ́ dé ẹnu géètì péré.

Ilẹ̀ ilé wa rọra dagun sí ọ̀nà géètì. Nígbà tí bàbá mi tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀kọ gbígbóná. Ó fa bíréèkì ọwọ́, wáyà rẹ̀ já. Àbúrò mi ọkùnrin ló di géètì mú. Mo kígbe, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ náà sì lọ rì sínú yanrìn tí lánlọ́ọ̀dù dà síbẹ̀. Yanrìn yẹn ló yọ wá.

Màmá mi ò pariwo. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: “Dádì wọn, ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ máa rántí bàbá yín nìyẹn?” Bàbá mi paná ẹ́ńjìnì, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ méje ni kọ́kọ́rọ́ yẹn fi wà ní etí ìró màmá mi.

3. Báwo ni bíréèkì ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Blaise Pascal (1623–1662), ló ṣàlàyé rẹ̀ ṣáájú kí ọkọ̀ tó dáyé. Ó ní bí a bá ti ohun olómi tí a sé mọ́ inú nǹkan, pressure náà máa dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìṣirò. Ká ní agbára tó dé orí písítọ́ọ̀nù tó wà lábẹ́ pẹ́dààlì jẹ́ 600 N, tí fífẹ̀ ojú rẹ̀ sì jẹ́ 3 cm². Pressure jẹ́ 600 ÷ 3 = 200 N/cm². Bí fífẹ̀ ojú písítọ́ọ̀nù tó wà níbi ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá jẹ́ 6 cm², agbára tó máa rí gbà jẹ́ 200 × 6 = 1,200 N. Ṣé ẹ rí i? Ó ti di ìlọ́po méjì.

Ṣùgbọ́n omi nìkan ló ń jíṣẹ́ yìí dáadáa, torí pé kì í fẹ́ sún kì. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ máa ń sún kì. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú páìpù, òun lẹsẹ̀ rẹ á máa tẹ̀, bíréèkì ò ní gbọ́.

4. Kí ló ba tiwa jẹ́?

Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Irin, omi àti ọ́síjìn, bí àwọn mẹ́ta yìí bá pàdé, ìpẹtà dé nìyẹn. Sílíńdà inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti dípẹtà, rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ, ó ti já. Ibẹ̀ ni omi ń jò jáde, ibẹ̀ náà lafẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ọ̀rinrin tún máa ń jẹ́ kí omi bíréèkì tètè hó. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C. Bó bá ti fa omi mu, ó lè hó ní 155°C. Tó bá ti hó, atẹ́gùn ló kù nínú páìpù yẹn.

5. Ohun tí a ṣe

(a) A fi jáàkì gbé ọkọ̀, a sì fi igi ńlá tì í nísàlẹ̀. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù yanrìn tì í o, ó lè fọ́ lójijì.
(b) A fi omi rin inú dúrọ́ọ̀mù kí a tó nù ún. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ bíréèkì àtijọ́, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.
(c) A lọ sí Ládipọ̀ ní Múṣin. Bàbá mi ra ilẹ̀kùn ní tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n tuntun ló ra gbogbo rọ́bà, sílíńdà àti wáyà bíréèkì. Ó ní, “Ọmọ mi, ohun tó máa dá ẹ̀mí dúró, a kì í ra àlòkù rẹ̀.”
(d) A lé afẹ́fẹ́ jáde. Èmi ń tẹ pẹ́dààlì, bàbá mi ń tú nọ́ọ̀tì. Ẹsẹ̀ tó jìnnà jù la ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, n ò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò àfi tó bá ní “Ó ti dì.” Ìgbà tí omi ń jáde láìsí èéfòó la tó dáwọ́ dúró.

6. Ìdánwò

A ò tan ẹ́ńjìnì. Bàbá mi jókòó sídìí ọkọ̀, àwa mẹ́ta ń tì í lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró gbọn-in. A tì í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó dúró lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni màmá mi tú etí ìró rẹ̀. Kò fún bàbá mi ní kọ́kọ́rọ́ náà o. Inú ọkọ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀, ó jókòó tán, kó tó nà án sí i.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

1. Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ inú páìpù kì í jẹ́ kí bíréèkì gbọ́?
2. Bí fífẹ̀ ojú písítọ́ọ̀nù ẹsẹ̀ ọkọ̀ nínú ìṣirò wa bá di 9 cm², agbára mélòó ló máa rí gbà?
3. Nínú ilé tìrẹ, kí lo ń sáré mú rìn, tí o kò tíì mọ bí yóò ṣe dúró?