Ṣé SS Ti Tán Lára Àwọn Ọmọ Tó Kù?

Ìbéèrè: AS ni jẹ́nótáìpù èmi àti ọkọ mi, SS (àrùn fòníkú-fọ̀ladìde) sì ni ti àkọ́bí wa. Wọ́n ní ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ló máa ń jẹ́ SS, pé àwọn mẹ́ta tó kù á bọ́. Ṣé lóòótọ́ ni? — Ìyá Àkọ́bí, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Rárá o. Kúrómósómù 46 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ṣùgbọ́n bí ara bá ń ṣe ẹyin obìnrin tàbí àtọ̀ ọkùnrin, iye wọn á dín sí 23. Orí kúrómósómù ni A àti S wà; nípa bẹ́ẹ̀, ẹyin kan lè gbé A yín, òmíràn á gbé S. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbá. Bí ẹni ń ju owó ẹyọ ni, ti àná kò mọ bí tòní yóò ṣe ṣubú. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀kan nínú mẹ́rin tirẹ̀.

Kí ẹ tó tún lóyún, ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ rí dókítà ní Ọsibítù Ìjọba, Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ bi í nípa àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ọmọ inú oyún tí wọ́n ń ṣe láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11 oyún. Bí ara àkọ́bí yín bá gbóná, ẹ má dúró de àgbo, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an.