Ìṣirò Ohun Tó Ń Yí Padà

Ká ní ọkọ̀ kan gbéra ní Ìbàdàn, ó sì fi wákàtí méjì rin 120 kìlómítà lọ́nà Èkó. Tí a bá pín ìrìn náà dọ́gba, 60 kìlómítà ló ń rìn ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo mítà tó wà níwájú awakọ̀. Níbi tí ọ̀nà ti dán, ọwọ́ mítà ti kọjá 100. Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé, ó wálẹ̀ sí òdo. Báwo wá ni eré ọkọ̀ náà ṣe tó ní àkókò yìí gan-an? Irú ìbéèrè yìí ni kalikúlọ́ọ̀sì wà fún.

A ó wo ibi tí ọkọ̀ rìn dé láàárín ìṣẹ́jú kan, ká dín in kù sí ìṣẹ́jú àáyá kan, ká tún dín ìyẹn náà kù, títí àkókò náà yóò fi kéré ju ohun tí aago lè kà lọ. Iye tí ìdáhùn ń sún mọ́ ni eré ọkọ̀ lásìkò náà. Differentiation ni wọ́n ń pè é ní yunifásítì. Tí a bá yí i padà, tí a fi eré ọkọ̀ láti ìgbà dé ìgbà wá ibi tó rìn dé, integration nìyẹn. Newton ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Leibniz ọmọ Jámánì ló to kalikúlọ́ọ̀sì jọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Leibniz ló kọ́kọ́ tẹ tirẹ̀ jáde, lọ́dún 1684, ìjà sì dé nígbà tó yá lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣàwárí rẹ̀. Ìjà àwọn ọ̀mọ̀wé kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé àti ti iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ń kọ́ kalikúlọ́ọ̀sì, torí ó máa ń jẹ́ ká mọ ibi tí nǹkan ti pọ̀ jù tàbí tó ti kéré jù. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ fi páànù ṣe àpótí tí kò lómọrí. Páànù náà jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà lóròó àti níbùú. Yóò gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lọ́gbọọgba, yóò sì ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè. Tó bá gé 3 sẹ̀ǹtímítà, ìsàlẹ̀ àpótí á ku 24 sí 24, gíga rẹ̀ á jẹ́ 3: àpótí náà gba 1,728. Tó bá gé 4, ó gba 1,936. Tó bá gé 5, ó gba 2,000. Tó bá gé 6, ó ti já wálẹ̀ sí 1,944. Ṣé 5 gan-an ló dára jù, àbí 5 ó lé díẹ̀? Èèyàn lè gé páànù títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kalikúlọ́ọ̀sì kò fọwọ́ kan páànù. Ohun tó ń wá ni ibi tí iye náà kò ti lọ sókè, tí kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ìdáhùn méjì ló mú jáde: 5 àti 15. Ẹni tó bá gé 15 ní igun kọ̀ọ̀kan ti gé páànù rẹ̀ tán, kò sí àpótí mọ́. Níbí ni akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ti ń pàdánù máàkì: wọ́n mọ ìṣirò, wọn ò bojú wo páànù. Ìdáhùn wa ni 5, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́fà 30. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún páànù tó bá dọ́gba lóròó àti níbùú: tí tiyín bá jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, 10 ni kí ẹ gé.