Omi Tí A Dà Síwájú: Owó Ìwádìí àti Ìforúkọsílẹ̀ Òṣìṣẹ́ Nínú Ìṣúná Ìjọba Ìbílẹ̀

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹgbẹ́. Kí ẹni kan kà á sókè, kí gbogbo ilé sì jọ dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà ní ìparí rẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ètò ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ ni omi tí ìlú ń dà síwájú ara rẹ̀. Ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ kí ọdún tó parí ni a ó rí ná ní ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí a bá gbàgbé níbẹ̀, akápò kò lè fi ẹnu lásán mú owó rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ti mọ bí a ṣe ń béèrè fún kànga, fún títì àti fún òrùlé ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí ẹgbẹ́ kì í sábà béèrè. Èkíní ni owó tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò fi wádìí ẹni tó fẹ́ gbà síṣẹ́. Èkejì ni owó tí kò ní jẹ́ kí ìwé àṣẹ ìṣiṣẹ́ òṣìṣẹ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí a bá kọ́lé tí a kò mọ ẹni tí a fi síbẹ̀, a kò tíì ṣe nǹkan kan.

Àpẹẹrẹ méjì

Ká ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan wà ní abúlé kan, tí agbẹ̀bí kan ṣoṣo sì wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ń sọ ìwé àṣẹ wọn dọ̀tun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìdọ̀tun ti obìnrin yìí pé. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà láti san, owó ìwé àṣẹ wà, owó ọkọ̀ lọ sí olú ìlú ìpínlẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ń dúró dè é. Ó ní òun yóò san án lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ di ọdún kan. Ó ń gbẹ̀bí lọ bí ó ti ń gbẹ̀bí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ ti kú. Bí àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ rẹ̀ bá wá yẹ ibẹ̀ wò, yóò ní láti dúró, àwọn aboyún abúlé náà yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà. Bí ewu bá sì ṣẹlẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, kò ní ìwé tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti ọlọ́dẹ tí wọ́n gbà sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ó mú lẹ́tà onídùúró méjì wá, ọwọ́ kan náà ló sì kọ méjèèjì. Kò sí ẹni tó lọ sí àdírẹ́sì àwọn onídùúró náà. Kò sí ẹni tó kọ̀wé sí ibi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a béèrè ìdí, ìdáhùn náà kò gùn: kò sí owó ọkọ̀ fún ẹni tí yóò lọ ṣe ìwádìí, kò sì sí ìlà kankan nínú ìṣúná tí a lè ti mú un.

Lójú òfin, agbẹ̀bí náà ló jẹ̀bi, nítorí òun ló ni ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ tó rán an lọ sí abúlé yẹn mọ ọjọ́ tí ìwé àṣẹ rẹ̀ yóò kú, kò sì pèsè kọ́bọ̀ sílẹ̀ dè é. Nínú àpẹẹrẹ méjèèjì, owó tí a kò kọ sínú ìṣúná kò di ohun tí a kò san. Àwọn aboyún àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni a gbé e lé lórí.

Àwọn wo ni òfin ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀?

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. Àfikún Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ka ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera mọ́ àwọn iṣẹ́ tí wọn yóò lọ́wọ́ sí. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn ni wọ́n wà lábẹ́ àjọ kan tàbí òmíràn. Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní ìgbìmọ̀ tiwọn. Òfin ọdún 1992 ló dá àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ sílẹ̀. Òfin ọdún 1993 ló gbé TRCN kalẹ̀ fún àwọn olùkọ́. Àwọn wolé-wolé, tí wọ́n ń bójú tó ìmọ́tótó àyíká, bọ́ sábẹ́ òfin tiwọn ní ọdún 2002. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wà lábẹ́ COREN. Àwọn dókítà àti apòògùn ń sọ ìwé àṣẹ wọn dọ̀tun lọ́dọọdún.

Ìforúkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ohun ni ìlú fi ń mọ̀ pé ẹni tó mú abẹ́rẹ́ dání kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, àti pé bí ó bá ṣi iṣẹ́ ṣe, ibì kan wà tí a lè pè é sí láti wá ṣàlàyé.

Ìwádìí kì í ṣe ìfura

Ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ máa ń wádìí ilé ọkọ. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní àbùkù. Bákan náà ni ìwádìí òṣìṣẹ́. Ó ní apá mẹ́rin tí ẹgbẹ́ yẹ kí ó mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ̀rí. Ọ̀dọ̀ àjọ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó fúnni ní ìwé ẹ̀rí ni a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀dà tí ẹni tó ń wá iṣẹ́ mú lọ́wọ́ wá kò tó. Èkejì ni ìwé àṣẹ ìṣiṣẹ́: àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ni yóò sọ bóyá ó ṣì wà láàyè. Ẹ̀kẹta ni ibi tí ẹni náà ti ṣiṣẹ́ rí àti àwọn onídùúró rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, èyí tí wọ́n ń gba ìtẹ̀ka fún. Fún àwọn tí yóò máa wà nítòsí ọmọdé, àkọsílẹ̀ mìíràn tún wà: láti ọdún 2019 ni àjọ NAPTIP ti ní ìwé orúkọ àwọn tó dẹ́ṣẹ̀ ìfipábánilòpọ̀ àti irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwádìí ní ààlà. Ìwé òfin wa sọ pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi àfi bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi. Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì ní kí a má ṣe sọ ọ̀rọ̀ ara ẹni ẹlòmíràn di ọ̀rọ̀ ọjà. Ohun tó kan iṣẹ́ ni kí a wádìí. Ẹ̀sìn rẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀ àti ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń dìbò fún kò sí lára rẹ̀.

Ta ni kí ó sanwó?

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tó ni ìwé àṣẹ ni kí ó san owó rẹ̀, nítorí bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, òun ni yóò mú un lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ nínú, pàápàá lórí ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ti ìdọ̀tun yàtọ̀, nítorí iṣẹ́ ìlú ni òṣìṣẹ́ náà ń fi ìwé àṣẹ ọ̀hún ṣe. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ìjọba ìbílẹ̀ lè san gbogbo rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò dúró fún iye ọdún kan. Ó lè san ìdajì. Ó sì lè yá òṣìṣẹ́ ní owó náà ní àkókò tó yẹ, kí ó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Èyíkéyìí tí kánsù bá yàn, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣúná.

Ti owó ìwádìí kò ní àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ni kí ó san án. Bí a bá di í ru ẹni tó ń wá iṣẹ́, ọmọ tálákà tó mọṣẹ́ yóò yẹra, ẹni tó lówó tí ìwé rẹ̀ kò mọ́ yóò sì rí àyè fọwọ́ ra àbájáde tó wù ú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀

Àwọn iye yìí jẹ́ àpẹẹrẹ lásán. Ọ̀dọ̀ àjọ kọ̀ọ̀kan ni a ti lè mọ iye tó wà lóde. Ká ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní òṣìṣẹ́ 90 tí wọ́n ń sọ ìwé àṣẹ dọ̀tun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Tí a bá pín wọn dọ́gba, 30 ni yóò kàn lọ́dún. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ná ₦20,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Ká ní wọ́n fẹ́ gba ènìyàn 25 síṣẹ́, tí ìwádìí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ná ₦12,000. Ìyẹn jẹ́ ₦300,000. Méjèèjì papọ̀ jẹ́ ₦900,000 lọ́dún, ìyẹn ₦75,000 lóṣù. Kí ẹgbẹ́ fi iye yẹn wé owó àlejò ṣíṣe àti owó ìrìn-àjò tó wà nínú ìṣúná kan náà, kí wọ́n sì sọ èyí tó wúlò jù fún aboyún.

Ìlà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó yẹ kí owó yìí ní lábẹ́ ìnáwó ojoojúmọ́ kánsù. Bí a bá rọ ọ́ mọ́ “àwọn ìnáwó mìíràn”, ibẹ̀ ni yóò gbé rì. Kí ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ sì ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ọjọ́ tí ìwé àṣẹ oníkálukú yóò kú wà nínú rẹ̀, nítorí láìsí i, ẹni tó ń ṣe ìṣúná kò lè mọ iye tí yóò kọ.

Ojúṣe ẹgbẹ́

Àpapọ̀ ìwé òfin, ní ẹsẹ̀ 24, sọ pé ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè ni láti ṣe ohun tí yóò mú ìtẹ̀síwájú bá àwùjọ tó ń gbé. Kò sọ pé àwùjọ tí a ti bí i. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Kàdúná ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ tó wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà ní Ọ̀fà tàbí ní Kàbà.

Ọdún ìṣúná bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó sì parí ní oṣù Ọ̀pẹ. Kí ẹgbẹ́ má ṣe dúró di oṣù Ọ̀pẹ. Kí wọ́n kọ̀wé sí alága àti sí kánsẹ́lọ̀ àdúgbò wọn nígbà tí ìṣúná ṣì wà ní títò. Kí wọ́n sì mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gba òṣìṣẹ́ ìpele 01 sí 06. Àjọ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ ló ń gba àwọn ìpele 07 sókè. Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ wà lọ́wọ́ àjọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìpínlẹ̀ àti ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ìdájọ́ yìí mú kí ìbéèrè ẹgbẹ́ túbọ̀ ní ìtumọ̀.

Òfin Òmìnira Ìsọfúnni ti ọdún 2011 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, ó sì ní kí ọ́fíìsì dáhùn láàárín ọjọ́ méje. Kí a béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí àpẹẹrẹ:

Akọ̀wé ẹgbẹ́: “Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹgbẹ́ ló rán mi wá nípa àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa.”

Ọ̀gá òṣìṣẹ́: “Ẹ káàbọ̀, Màmá. Àmọ́ a kò lè fún yín ní orúkọ ẹnikẹ́ni o.”

Akọ̀wé: “Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, sà. A kò béèrè orúkọ. Mélòó ni ìwé àṣẹ wọn yóò kú lọ́dún tó ń bọ̀, èló sì ni ẹ kọ sílẹ̀ fún un?”

Ìbéèrè méjì péré nìyẹn. Wọn kò bu ẹnikẹ́ni kù, wọn kò sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Òṣìṣẹ́ ìlera mélòó ló wà ní àdúgbò wa, àjọ wo ló sì ń forúkọ wọn sílẹ̀?
2. Nínú ọ̀nà ìsanwó mẹ́ta tí a kà, èwo ni ó yẹ kánsù wa, kí sì ni ìdí?
3. Kí ni a lè béèrè nípa òṣìṣẹ́, kí sì ni kò tọ́ kí a béèrè?
4. Ta ni ẹgbẹ́ yóò rán lọ, ọjọ́ wo sì ni yóò padà wá jábọ̀?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹgbẹ́ tó bá béèrè lákòókò ìṣúná ti na ọwọ́ sí orí ọmọ náà kí ó tó wọ́.