Nígbà Tí Asọ̀rọ̀mágbèsì Gba Èsì

Orúkọ tí Yorùbá fún rédíò kò ní àbùlà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é, nítorí pé yóò sọ tirẹ̀ tán, kò sì ní dúró gbọ́ ohun tí ẹni tí ó jókòó tì í fẹ́ wí. Fún ìròyìn àti orin, èyí kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi ẹ̀rọ náà kọ́ ọmọdé, ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà, nítorí pé ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò bá yé yóò fẹ́ béèrè.

Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ọsirélíà, ìlú kan wà tí à ń pè ní Alice Springs. Ilẹ̀ àyíká rẹ̀ gbẹ, ó sì tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ. Láti oko màlúù kan dé èkejì lè jẹ́ ìrìn wákàtí púpọ̀ nínú mọ́tò. Ta ni yóò kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ìdílé kan ṣoṣo ní irú ibẹ̀? Nítorí náà ìwé ni a ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọ̀nyí láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọ yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, yóò dá a padà, yóò sì máa retí. Kí èsì olùkọ́ tó dé, ọmọ náà lè ti gbàgbé ohun tí ó rú u lójú.

Kì í ṣe àwọn olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà àbáyọ, bí kò ṣe àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn. Ní ọdún 1928 ni ètò dókítà tí ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wo aláìsàn bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n báwo ni ará oko yóò ṣe ránṣẹ́ pè é, níbi tí kò sí iná mànàmáná tí kò sì sí wáyà tẹlifóònù? Ọ̀gbẹ́ni Alfred Traeger ṣe ẹ̀rọ rédíò kékeré kan tí ó ní ẹsẹ̀ bí ti kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ránṣẹ́ yóò jókòó, yóò máa fi ẹsẹ̀ wà á, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì di iná tí ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àmì kíkàn bí ti wáyà àtijọ́ nìkan ni ó ń gbé. Lẹ́yìn náà ni ó ń gbé ohùn ènìyàn.

Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ yìí wà nínú ilé púpọ̀, àwọn ọmọdé pàápàá sì mọ̀ ọ́n lò. Obìnrin kan, Adelaide Miethke, tí ó ti ṣe olùkọ́ àti alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ rí, ni ó dábàá pé kí a fi kọ́ wọn ní ìwé. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1951, Ilé Ẹ̀kọ́ Orí Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Alice Springs, láti ibùdó àwọn dókítà náà.

Ní àkọ́kọ́, olùkọ́ nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé èyí kò tó, a sì fi àkókò ìbéèrè sí òpin ẹ̀kọ́. Ọmọ yóò tẹ bọ́tìnì, yóò sọ̀rọ̀, yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó lè gbọ́ èsì. Bí ẹni méjì bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo ni gbogbo ènìyàn yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ kan bá ń béèrè, gbogbo àwọn yòókù ń gbọ́ ọ ní oko tiwọn, ẹni tí ojú ń tì láti béèrè sì rí ìdáhùn gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tí kò rí ara wọn rí ṣe di ẹgbẹ́ kíláàsì kan.

Rédíò yìí kò lé ìwé lọ, kò sì lé òbí lọ. Ìwé ṣì ń lọ, ó sì ń bọ̀. Ọmọ a máa wà pẹ̀lú olùkọ́ lórí afẹ́fẹ́ fún ìwọ̀n wákàtí kan lójúmọ́. Ìyókù ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí ẹni tí a gbà sí iṣẹ́ náà ni ó ń jókòó tì í. Lẹ́yìn ọdún 2000, sátẹ́láìtì àti íntánẹ́ẹ̀tì gba ipò rédíò náà, ọmọ sì ń rí ojú olùkọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ Alice Springs nìkan ń bójú tó ju mílíọ̀nù 1.3 kìlómítà níbùú lóròó lọ, èyí tí ó tóbi ju gbogbo Nàìjíríà lọ.

Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Nípa ìwé tí a ń fi ránṣẹ́ ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944, nígbà tí ó wà ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí ó jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ilé iṣẹ́ tẹlifísàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1983 ni a dá yunifásítì ẹ̀kọ́ láti òkèèrè sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ìjọba ológun tì í pa ní ọdún 1984, a kò sì jí i dìde títí di ọdún 2001. Ọdún mẹ́tàdínlógún ṣòfò bẹ́ẹ̀, ó sì dunni.

Àrùn kòrónà ni ó tú àṣírí ohun tí ó ṣẹ́ kù. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, a ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi rédíò àti tẹlifísàn kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ ìlú ńlá tí bàbá rẹ̀ ní fóònù olówó ńlá lè bá olùkọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ abúlé gbọ́ ìṣirò lórí rédíò, bí bátìrì bá wà nínú rẹ̀. Nígbà tí kò sì yé e, rédíò ti kọjá lọ sí ẹ̀kọ́ mìíràn. Asọ̀rọ̀mágbèsì padà sí orúkọ rẹ̀.

Ohun tí Alice Springs fi kún un lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ ṣeé ṣe ní abúlé láìsí sátẹ́láìtì. Bí ẹ̀kọ́ bá wà lórí rédíò, kí ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún jókòó pọ̀ ti rédíò kan, kí àgbàlagbà kan tí ó mọ̀wé wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì kọ ohun tí kò yé wọn sínú ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ náà ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá parí, kí wọ́n fi fóònù kékeré, irú èyí tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, pe olùkọ́ kan tí ó ti gbà láti máa dá wọn lóhùn, kí wọ́n sì gbé ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ. Ìpè ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ìbéèrè ọmọ márùn-ún.