Àpótí Ìmọ̀: Ibi Tí Ooru Iná Gáàsì Ti Ń Wá
Ó rọrùn láti rò pé jíjá tí ìdè kẹ́míkà ń já ló ń mú ooru wá nínú gáàsì tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá agbègbè Ṣàngó Toll Gate ń gbà láti inú páìpù, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òtítọ́. Ìdè, ìyẹn ohun tó so átọ́ọ̀mù mọ́ra, kì í já láìgba agbára: kí ìdè inú gíráàmù 16 mẹ́tènì, èyí tó pọ̀ jù nínú gáàsì náà, àti ti ọ́síjìn tí yóò bá a jó tó já tán, yóò gba nǹkan bíi 2,648 kílójúùlù, ìdí sì nìyí tí gáàsì fi ń retí ìṣáná. Nígbà tí àwọn átọ́ọ̀mù náà bá tún so pọ̀ di omi àti kábọ́ọ̀nù-dáyọ́síàìdì, wọ́n ń tú nǹkan bíi 3,450 kílójúùlù sílẹ̀. Kílójúùlù 802 tí èyí fi ju ti àkọ́kọ́ lọ ló ń mú omi inú bọ́ílà àwọn ilé-iṣẹ́ náà hó.